Bí A Ṣe Ń So Ẹ̀rọ Díìsì Mọ́ Rìsífà: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Ilé ní Àgbádárìgì

Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ti ra hóòmù tíátà, sípíkà mẹ́fà ló wà ní pálọ̀, méjì péré ló ń sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Àwọn yòókù á dákẹ́, tàbí kí wọ́n máa tún ohun tí méjì yẹn sọ sọ. Onílé á ní sípíkà ti bàjẹ́, tàbí pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun ní Alábà. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó ṣe sípíkà. Wáyà tí wọ́n fi so ẹ̀rọ díìsì (DVD tàbí Blu-ray) mọ́ rìsífà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba ohùn tó sì ń pín in fún àwọn sípíkà, ni kò lè gbé ohùn mẹ́fà. Ó sì lè jẹ́ pé wáyà dára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún ẹ̀rọ díìsì pé kó fi ohùn ránṣẹ́ bó ṣe wà. Ọ̀rọ̀ méjì yìí ni ìwé yìí dá lé.

Ẹ kọ́kọ́ bójú tó iná

Bí rìsífà yín bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Èyí tó wá láti Amẹ́ríkà, 120V, 60Hz ni ẹ ó bá níbẹ̀. Iná tiwa jẹ́ 230V sí 240V, 50Hz. Bí ẹ bá kì í bọ iná bẹ́ẹ̀, òórùn àjóná ni yóò kọ́kọ́ kí yín. Ẹ wá tiransifọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀, kí iye wáàtì rẹ̀ ju ti rìsífà lọ dáadáa. Èyí tó wá láti Ìlú Ọba tàbí Jámánì kò ní wàhálà yìí.

Kí ẹ tó so wáyà kankan, ẹ yọ gbogbo ẹ̀rọ kúrò lára iná. Kí ẹ fi rìmóòtù pa á nìkan kò tó. Iná lè dé lójijì nígbà tí ọwọ́ yín ṣì wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, bí wáyà sípíkà méjì bá sì fara kan ara wọn lásìkò yẹn, rìsífà lè bàjẹ́.

Wáyà wo ló ń gbé kí ni?

Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ díìsì síta, kí ẹ sì mú tọ́ọ̀ṣì dání. Láti ihò tí wọ́n kọ OUT sí lára rẹ̀ ni wáyà ti ń jáde, inú ihò IN ti rìsífà ló sì ń wọ̀.

Wáyà funfun àti pupa ń gbé ohùn méjì péré: funfun fún òsì, pupa fún ọ̀tún. Yẹ́lò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwòrán nìkan ló ń gbé. Wáyà ẹlẹ́nu mẹ́ta yìí ló sábà máa ń bá ẹ̀rọ DVD wá nínú páálí. Ìdí nìyẹn tó fi kún ilé gbogbo, ìdí náà sì nìyẹn tí sípíkà ẹ̀yìn fi ń dákẹ́.

Bí ẹ bá rí ihò mẹ́ta aláwọ̀ ewé, búlúù àti pupa, àwòrán ni gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni pupa ti ń tan èèyàn jẹ, torí pé pupa méjì ló wà lẹ́yìn ẹ̀rọ kan náà, ọ̀kan fún àwòrán, ọ̀kan fún ohùn. Bí àwòrán bá sì jáde ní dúdú àti funfun nìkan, ẹ wò ó bóyá wáyà yẹ́lò ni ẹ kì bọ ihò aláwọ̀ ewé.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ohùn mẹ́fà sábà máa ń gbà: HDMI, optical àti coaxial.

Bí ẹ̀rọ méjèèjì bá ní HDMI, ẹ má wulẹ̀ wá òmíràn kiri. Wáyà kan láti HDMI OUT ẹ̀rọ díìsì sí HDMI IN rìsífà tí wọ́n kọ DVD tàbí BD (Blu-ray) sí, wáyà kejì láti HDMI OUT rìsífà sí tẹlifíṣọ̀n. Àwòrán àti ohùn jọ ń gba inú rẹ̀ ni. Ní ti iye owó, wáyà HDMI mítà méjì tí kò wọ́n, bó bá sáà ti ń ṣiṣẹ́, ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti èyí tí wọ́n fi góòlù bò lẹ́nu. Nọ́ńbà ló ń gbé, nọ́ńbà kì í sì í dùn ju nọ́ńbà lọ. Owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ra wáyà sípíkà tó nípọn. Àwọn rìsífà àtijọ́ kan wà tí HDMI wọn ń gbé àwòrán kọjá láì fọwọ́ kan ohùn. Bí ẹ bá rí àwòrán tí ẹ kò gbọ́ ohùn, ẹ fi wáyà optical, tí a ó ṣàlàyé nísàlẹ̀, kún un.

Bí rìsífà kò bá ní HDMI rárá, ẹ mú àwòrán lọ sí tẹlifíṣọ̀n tààrà, kí ẹ mú ohùn nìkan wá sọ́dọ̀ rìsífà. Optical ni ihò onígun mẹ́rin kékeré tó ń tan iná pupa nínú. Ẹ yọ ọ̀rá tí wọ́n fi bo ẹnu wáyà rẹ̀, ẹ má ṣẹ́ ẹ po, torí ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀. Coaxial jọ ihò yẹ́lò, àwọ̀ ọsàn ni wọ́n sábà fi ń kùn ún. Ohun tí oníwáyà kì í sọ fún oníbàárà ni pé wáyà yẹ́lò lásán tó ti wà nílé yín lè ṣe iṣẹ́ coaxial láìsí ìyàtọ̀ kankan. Ẹ ṣáà rí i pé inú ihò DIGITAL IN ló wọ̀. Bó bá ṣèèṣì wọ ihò funfun tàbí pupa, ariwo burúkú ni yóò máa pa.

Blu-ray náà lè gba optical tàbí coaxial. Dolby TrueHD àti DTS-HD Master Audio, ọ̀nà ìdì-ohùn tó ga jù lórí Blu-ray, kò lè gba ibẹ̀ kọjá, Dolby Digital tàbí DTS lásán, ọ̀nà ìdì-ohùn tó wọ́pọ̀, ni yóò dé etí yín. Ohùn mẹ́fà náà ṣì ni, mi ò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni ta rìsífà tó dára nítorí ìyẹn.

Ẹ bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń kùnà. Ẹ wọ Setup lórí ẹ̀rọ díìsì, kí ẹ wá Audio, lẹ́yìn náà Digital Output. Bó bá wà ní PCM, ẹ yí i sí Bitstream. Àwọn ẹ̀rọ kan máa ń kọ RAW. Orí díìsì, ṣe ni wọ́n di ohùn mẹ́fà pọ̀ bí ẹrù. Pẹ̀lú optical tàbí coaxial, bí PCM bá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ díìsì á tú ẹrù náà fúnra rẹ̀, á sì pò ó di méjì kó tó fi ránṣẹ́. Bitstream ní kó má tú u, kí rìsífà tú u. Lórí Blu-ray, ẹ pa Secondary Audio pẹ̀lú.

Ẹ wá yan DVD tàbí BD níwájú rìsífà. Bó bá jẹ́ pé TV tàbí CD ni wọ́n kọ sí ihò optical tí ẹ lò, ẹ yan ìyẹn, tàbí kí ẹ wọ Input Assign, kí ẹ fi ihò náà fún DVD. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, Dolby Digital tàbí DTS yóò hàn lójú rìsífà.

Àmọ́ o, fíìmù Yorùbá tí ẹ ti kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́, VCD ni púpọ̀ nínú wọn. Ohùn méjì ni VCD mọ̀, kò sí wáyà tó lè sọ ọ́ di mẹ́fà. Ẹ tẹ Surround, kí ẹ yan Pro Logic II bó bá wà: sípíkà àárín á gba ọ̀rọ̀ ẹnu, ti ẹ̀yìn á sì gba díẹ̀ nínú ìró. DVD pàápàá, ẹ ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 2.0, ohùn méjì ni, 5.1 ni mẹ́fà, ó sì lè jẹ́ pé ẹ ní láti yàn án fúnra yín lórí díìsì náà.

Wáyà sípíkà àti atẹ́gùn òkun

Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Bí ọ̀kan bá yí padà, ìró ìlù á rọ, ẹ ó sì máa wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Ní Àgbádárìgì níbí, atẹ́gùn oníyọ̀ láti òkun máa ń jẹ bàbà inú wáyà. Bí ẹ bá rí i tó ti di àwọ̀ ewé tàbí dúdú, ẹ gé ibẹ̀ kúrò, ẹ bó o tó sẹ̀ǹtímítà kan, kí ẹ lọ́ ọ pọ̀ dáadáa, kí ìrù wáyà kankan má ta síta kan ìkejì.

Bí ẹ bá ń gbọ́ orin tí ẹ kò gbọ́ ohun tí òṣèré ń sọ, sípíkà àárín ni kò dáhùn. Ẹ so ó mọ́, tàbí bí ẹ kò bá ní in, ẹ yí Center sí None nínú Speaker Setup, kí òsì àti ọ̀tún gba iṣẹ́ rẹ̀. Sọ́bù-wúfà, ìyẹn sípíkà tó ń gbé ìró tó rẹlẹ̀, tí ẹ bá gbé sí kọ̀rọ̀ yóò dún ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ, pàápàá nílé tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín ẹ̀yin àti aládùúgbò. Ẹ gbé e síwájú díẹ̀. Lálẹ́, ẹ tẹ Night tàbí DRC lórí rìmóòtù: ìró ìbọn á lọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu á ṣì já geere. Díìsì Dolby Digital ni ìyẹn máa ń ṣiṣẹ́ fún. Bí ẹ bá ń wo VCD, ohùn ni kí ẹ dín kù.