Kọ̀ǹpútà ilé fẹ́ kú, báyìí lẹ ṣe máa kó fáìlì yín jáde

Hádì dísìkì, ìyẹn ibi tí fáìlì ń gbé nínú kọ̀ǹpútà, sábà máa ń ṣàìsàn kó tó kú, ó kàn jẹ́ pé a kì í kà á sí ni. Láptọ́ọ̀pù tó máa ń tàn kíá wá ń pẹ́ kó tó tàn, ẹ ṣí fólídà kan ó ń yí ó ń yí kò ṣí, tàbí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ "kẹ́, kẹ́, kẹ́" nínú ẹ̀. SSD, ìyẹn dísìkì tí kò ní àwo tó ń yí nínú, ni kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn lè lọ lójijì láìkí ẹnikẹ́ni pé ó dìgbóṣe.

Tí ẹ bá ti rí àmì yẹn, ẹ pa á. Ẹ má tún tàn án wò bóyá ó ti dáa, kò tíì dáa. Ìró kẹ́kẹ́ yẹn, orí kékeré tó máa ń ka nǹkan lórí àwo inú ẹ̀ ni kò ríbi dúró sí mọ́, tí ẹ bá ń fi agídí tàn án, ó lè máa ha àwo yẹn, ibi tó bá sì ti ha, fáìlì ibẹ̀ ti lọ nìyẹn. Tí Windows bá ní òun fẹ́ ṣe "scan and repair", ẹ má gbà fún un, torí ó lè máa ka dísìkì látòkè délẹ̀, kó tún máa kọ nǹkan sórí ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ohun tára ẹ̀ ò gbà mọ́ gan-an nìyẹn.

Lójú tèmi o, àtúnṣe ló ń pa fáìlì èèyàn jù nílùú Ifẹ̀ yìí. Èèyàn á gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí Lágéré, á ní "ẹ bá mi ṣe é kó tàn", wọ́n á fọ́máàtì ẹ̀, wọ́n á fi Windows tuntun sí i, ó tàn lóòótọ́, àmọ́ fọ́tò ìsìnkú Màmá àti próójẹ́ẹ̀tì ọmọ tó wà ní OAU ti wọlẹ̀. Ohun tí ẹ ní kí wọ́n ṣe náà ni wọ́n ṣe. Torí náà tó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló máa bá yín ṣe é, ẹ sọ ọ́ kó yé e: "Injiníà, ẹ jọ̀ọ́, fáìlì inú ẹ̀ ni mo ń wá, ẹ má fọ́máàtì ẹ̀ o."

Tó bá jẹ́ pé kò tàn rárá, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀ ná. Pẹ̀lú bí iná wa ṣe máa ń lọ sókè lọ sílẹ̀, ó lè jẹ́ ṣájà tàbí bọ́ọ̀dù ló jóná, kí dísìkì sì wà láàyè. Ẹ yọ dísìkì yẹn, ẹ fi sínú kéésì USB, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà míì. Tí ìyẹn bá wá ń béèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker, ìyẹn àgádágodo tí Windows fi ń ti dísìkì, kọ́kọ́rọ́ yẹn jẹ́ nọ́ńbà gígùn tó ní dígíìtì 48, ẹ wò ó nínú àkáǹtì Microsoft tí ẹ fi ṣí láptọ́ọ̀pù yẹn, ibẹ̀ ló sábà máa ń wà, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Windows 11 ló ń ti ara wọn láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Tí dísìkì bá ṣì ń ṣí, tí kò sì dún kẹ́kẹ́, ẹ wá fláàṣì 8GB, kí ẹ lo kọ̀ǹpútà míì láti fi sọ́fítíwià Rufus gbé Linux Mint, tó ń ṣiṣẹ́ bíi Windows, sórí ẹ̀. Ẹ fi fláàṣì yẹn tan èyí tó ń ṣàìsàn, bó bá ṣe ń tàn, F12 lẹ máa tẹ̀ lórí Dell àti ọ̀pọ̀ Lenovo, F9 lórí HP. Orí fláàṣì ló ti máa ṣiṣẹ́, ẹ má tẹ Install o! Ẹ wọ fólídà Users, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nǹkan yín sábà máa ń wà. Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ kó, kó tó kan fọ́tò, fídíò ló kẹ́yìn torí ó wúwo. Èyí tó bá há, ẹ fò ó. Dísìkì tí ẹ ń kó o sí, kí ọ̀nà tí wọ́n fi fọ́máàtì ẹ̀ jẹ́ exFAT tàbí NTFS, torí FAT32 ò lè gba fáìlì tó bá ti tó 4GB.

Tó bá ń há jù, ddrescue ló kù, ìyẹn sọ́fítíwià tó máa ń da gbogbo dísìkì kọ sínú fáìlì kan. Ẹ wá dísìkì míì tó tóbi ju èyí tó ń ṣàìsàn lọ, ẹ ṣí Terminal, ìyẹn fèrèsé tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ, ẹ tẹ `sudo apt install gddrescue`, ẹ tẹ `lsblk` láti mọ èwo ni èwo, kí ẹ wá ṣí fólídà kan lórí dísìkì tuntun yẹn, ẹ ṣí Terminal níbẹ̀, ẹ tẹ `sudo ddrescue -n /dev/sdX ilé.img ilé.map`, sdX ni kí ẹ fi orúkọ èyí tó ń ṣàìsàn rọ́pò. Tó bá jẹ́ pé orúkọ dísìkì lẹ fi síbi ilé.img, tí ẹ fi -f sí i, tí ẹ sì gbé wọn lódìlódì, ó ti parẹ́ nìyẹn o. Bí ẹni ń ká kòkó ló ṣe ń ṣe, èyí tọ́wọ́ tó ló kọ́kọ́ ń ká kó tó na gọ̀ǹgọ̀ sókè. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa ẹ̀ jù ni fáìlì .map yẹn, tí NEPA bá mú iná lọ láàárín òru, ẹ tún fi gddrescue sí i, ẹ wo `lsblk`, kí ẹ wá tẹ àṣẹ kan náà nínú fólídà yẹn, á bẹ̀rẹ̀ látibi tó dúró sí. Tó bá parí, sọ́fítíwià PhotoRec lè wá fọ́tò jáde nínú ilé.img, ẹ ò tún ní fọwọ́ kan dísìkì yẹn mọ́.

Èyí tó bá ń dún kẹ́kẹ́, pàápàá tí kọ̀ǹpútà ò bá tiẹ̀ rí i mọ́, kò sí sọ́fítíwià tó lè ṣe é. Yàrá tí kò ní ekuru rárá ni wọ́n ti ń ṣí irú ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi síkírúdíráfà ṣí i lórí tábìlì, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ má sì gbé e sínú fìríìsà, ẹni yòówù kó ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó ju dísìkì àtijọ́ nù, ẹ ṣí àwọn fáìlì tí ẹ kó wò, pàápàá àwọn ìwé àti fọ́tò tí ẹ nílò jù. Èyí tó bá ń sọ pé 0 KB, òfìfo ni, ẹ padà lọ wá a.