Bí ìlú bá ń fẹ̀, ṣé ọ̀nà rẹ̀ ń já síra? Ẹ ka oríta

Ilé púpọ̀ kọ́ ló ń fi hàn pé ìlú fẹ̀ dáadáa, bí ọ̀nà ṣe já síra ni. Máàpù OpenStreetMap, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àti bírò tó láti fi wò ó.

Ẹ mú ibi méjì, kílómítà kan níbùú lóròó: ọ̀kan láàárín ìlú, ọ̀kan lẹ́bàá ìlú. Ní Ìbàdàn, ẹ mú Bẹẹrẹ àti Akobo. Ẹ ka gbogbo oríta àti gbogbo ibi tí ọ̀nà ti kú. Ẹ pe méjèèjì ní ojúkò. Ọ̀nà láti ojúkò kan sí èkejì jẹ́ abala kan. Ẹ wá fi iye ojúkò pín iye abala. Bí èsì bá ṣe ga tó ni ọ̀nà ṣe já síra tó.

Níbi tí òpópónà 4 ti dábùú òpópónà 4, oríta jẹ́ 16, abala 24: èsì jẹ́ 1.5. Ẹ́síteètì tó ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo láti títì, tí kúlóòsì 6 yà lára ọ̀nà náà, tí òun fúnra rẹ̀ sì kú sídìí ògiri, ojúkò 14 àti abala 13 ló ní: 0.93. Níbi tí ọ̀nà kò bá ti yí ká padà, abala á máa fi 1 dín sí ojúkò ni. Àwọn ìlú kan ní Amẹ́ríkà fi 1.2 tàbí 1.4, ó kéré tán, sófin fún ẹ́síteètì tuntun.

Kọ́nà, ibi tí ọ̀nà kan ṣoṣo kàn ti tẹ̀, kì í ṣe oríta o. Ọ̀nà tó gba orí afárá kọjá lókè òmíràn kò já sí i. Géètì tí wọn kì í ṣí, ẹ kà á sí ibi tí ọ̀nà kú. Bẹẹrẹ ló máa ń tanni jẹ jù: bí ẹ bá ka ọ̀nà mọ́tò nìkan, ẹ ó ní kò dára, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ẹsẹ̀ ń gba àárín agbo ilé kọjá, máàpù sì lè má ní in. Ẹ rìn ín, kí ẹ kà á lọ́tọ̀.

Láti rí bí nǹkan ṣe yí padà, ẹ tẹ àmì aago nínú Google Earth Pro, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi àwòrán ilẹ̀ láti òkè hàn, kí ẹ dá àwòrán padà sí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ilé ń bo igbó, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó kú lọ́jọ́ kìíní kì í sábà là mọ́. Ìdí ni pé awọnlẹ̀ mọ̀lẹ́bí kan fa ọ̀nà dé ààlà, ó dúró. Ti mọ̀lẹ́bí kejì fa tirẹ̀ láì wo ti àkọ́kọ́. Kí wọ́n tó ri òpó ààlà, ẹ tẹ́ ìwé ilẹ̀ méjèèjì síra. Bí ọ̀nà méjèèjì bá fi ẹsẹ̀ bàtà 50 yẹra fúnra wọn, odidi plọ́ọ̀tì kan ló máa dí wọn.