Bẹ́ẹ ṣe lè ṣe orí gọ́tà tí kẹ̀kẹ́ arọ á lè gbà

Òkun o, ẹ̀yin ará Kábbà. Pákó tínrín táa máa ń tẹ́ sórí gọ́tà níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yọ ọ́, ìyá arúgbó gan-an ò lè gbà á, ká má tíì sọ ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ. Ẹ ní kí bíríkìlà da kọnkéré tó nírin nínú, kó fẹ̀ tó mítà 1 ó kéré tán, fún ínṣì 1 kọ̀ọ̀kan tó bá fi ga, kí ibi tí kẹ̀kẹ́ á gbà gùn ún gùn ní ínṣì 12, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ á kàn máa làágùn ni. Ẹ má dán ojú ẹ̀ o! Ẹ fi ìgbálẹ̀ fà á kó tó gbẹ, kó má baà máa yọ̀ lásìkò òjò. Ọlọ́kadà tó bá wá páàkì síbẹ̀, ẹ lé e.