Bí mo ṣe pinnu ìnípọn ògiri ilé onípákó mi

Níbi tí òtútù ti mú, ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé onípákó ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn: nígbà tí a bá ń kọ́ ọ, àti lọ́dọọdún tí a bá ń mú un gbóná. Mo ti fẹ́ ki òwú òkúta, òwú tí wọ́n fi òkúta yíyọ́ ṣe láti má jẹ́ kí ooru jáde, tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 40 sínú ògiri tèmi kí n lè bọ́ lọ́wọ́ owó iná. Káfíńtà mi ló bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti ṣírò ẹ̀?” Mi ò tíì ṣírò ẹ̀.

Mo jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ náà. Ògiri mi jẹ́ 120 mítà onígun mẹ́rin. Mo ro iye digíríì tí ìta fi ń tutù ju inú ilé lọ lójoojúmọ́ pọ̀ fún odindi ọdún: 3000. Mo fi ìnípọn òwú, ní mítà, pín 0.035, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ooru ṣe ń gba inú òwú kọjá. Mo sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀ lọ́nà 120, lọ́nà 3000, lọ́nà wákàtí 24, mo sì fi 1000 pín in kó lè di kilowatt-wákàtí.

Sẹ̀ǹtímítà 10 jẹ́ kí ooru kilowatt-wákàtí 3024 bá ògiri jáde lọ́dún. 20 gé e sí 1512, 30 sí 1008, 40 sí 756. Kilowatt-wákàtí 252 péré ni sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ìkẹyìn yẹn máa dín kù, bẹ́ẹ̀ òun ló fẹ́ kí òpó fẹ̀ sí i kí yàrá sì fún. Mo dúró sí 30.

Ìṣirò yìí ò ka òpó mọ́ ọn o, ooru sì ń gba inú pákó kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ti òwú. Lẹ́yìn tí ẹnjiníà fọwọ́ sí i, a fi sẹ̀ǹtímítà 60 sáàárín òpó dípò 40. Igi dín kù, òwú pọ̀ sí i: ibẹ̀ nìkan ni owó méjèèjì ti jọ wálẹ̀.

Owó òwú tí mi ò rà mọ́, dídí ihò ni mo ná an sí. A ta ọ̀rá sí ìhà inú ògiri, a fi téèpù lẹ gbogbo oríkèé rẹ̀, torí bí ọ̀rinrin ilé bá ráyè wọ ògiri, á pàdé òtútù, á di omi, pákó á sì jẹrà. A gbé fáànù ńlá sẹ́nu ọ̀nà, a fi ipá atẹ́gùn 50 Pascal (òṣùwọ̀n ipá) dán ilé wò: atẹ́gùn inú ilé pààrọ̀ nígbà 1.9 ní wákàtí kan. Passivhaus, òṣùwọ̀n Jámánì fún ilé tí kì í fi ooru ṣòfò, ò fẹ́ ju 0.6 lọ. Mo fi omi rẹ ẹ̀yìn ọwọ́ mi, mo fi ń wá ihò kiri: ìdí páìpù, ibi tí ògiri ti pàdé òrùlé. Ọjọ́ méjì la fi dí wọn. Ó wálẹ̀ sí 0.8, mo sì ní kí káfíńtà máa kan pákó inú.