Bí mo ṣe to lífù àwa mẹ́sàn-án ní ọ́fíìsì tí iṣẹ́ kì í dáwọ́ dúró

Ọ́fíìsì oníṣirò owó ni, ní Ìbàdàn. Àwa mẹ́sàn-án la wà níbẹ̀, a sì ń bá àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ṣe owó oṣù, owó orí àti ìṣirò ìparí ọdún. Lífù ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 15. Tí a bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọjọ́ 135 ni, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 27. Kí n tó fọwọ́ kan Excel rárá ni mo ti pinnu pé gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan bá fi sinmi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí ẹlòmíràn fi kọ́ iṣẹ́ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Orí èyí ni mo gbé gbogbo ètò yòókù kà.

Òfin ni mo kọ́kọ́ wò. Labour Act, tó de iṣẹ́ ṣíṣe ní Nàìjíríà, sọ ní abala 18 pé òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́ láìdáwọ́ dúró yẹ fún ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ó kéré tán, kí owó rẹ̀ sì pé. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ akọ̀wé ni òfin náà ń bá wí. Ti àwọn ọ̀gá wà nínú ìwé àdéhùn tí wọ́n fi gbà wọ́n síṣẹ́. Ọjọ́ 15 tiwa ju ti òfin lọ dáadáa. Ibi tí ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ kì í kà nínú abala yẹn ni pé wọn ò gbọdọ̀ fi owó rọ́pò ìsinmi fún ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá lè jọ fẹnu kò láti sún un síwájú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ di pé èèyàn ṣiṣẹ́ ju oṣù 24 lọ kó tó rí i gbà. Ti àìsàn wà lọ́tọ̀ ní abala 16: ó lè tó ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún pẹ̀lú owó, bí dókítà bá ti jẹ́rìí sí i. Ẹ má ṣe yọ ọjọ́ tí ibà dá èèyàn dúbúlẹ̀ kúrò nínú lífù rẹ̀. Ìyànjẹ gbáà ni, ó sì ń jẹ́ kí àwọn èèyàn máa fi ara gbígbóná wá síṣẹ́.

Ọjọ́ tí kò ṣeé yẹ̀ ló kàn. Owó orí òṣìṣẹ́, PAYE, gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kó tó kọjá ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e. VAT, owó orí tó wà lórí ọjà àti iṣẹ́, kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 21. Owó ìfẹ̀yìntì ní ọjọ́ iṣẹ́ méje péré lẹ́yìn tí owó oṣù bá ti wọlé. Àkọsílẹ̀ PAYE ti ọdún tó kọjá ń parí ní 31 oṣù kìíní, owó orí ilé iṣẹ́ tí ọdún ìṣirò rẹ̀ ń parí ní 31 oṣù Kejìlá sì ń parí ní 30 oṣù kẹfà. Nítorí náà mo ti oṣù kìíní pa fún lífù, mo ti oṣù kẹfà pa, mo sì ti ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn ọdún pa nítorí kíka ọjà nínú ilé ìkẹ́rù àwọn oníbàárà. Ọ̀sẹ̀ 10 lọ nínú 52, ó ku 42. Ọ̀sẹ̀ 27 la fẹ́ kó sínú 42. Ó gbà á. Àwọn tó máa ń sọ pé iṣẹ́ pọ̀ jù, kò sáyè lífù, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí.

Àmọ́ ọ̀sẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ kò dọ́gba fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó ń ṣe VAT, ọjọ́ 22 ló ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti lọ. Tó bá lo ọ̀sẹ̀ kan, yóò ti padà kí ọ̀rọ̀ VAT tó tún dé. Ẹni tó ń ṣe owó oṣù àti PAYE, láti ọjọ́ 11 ni. Mo kọ èyí sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kálukú kí n tó béèrè ọjọ́ tí wọ́n fẹ́.

Nígbà tí mo fẹ́ béèrè, mi ò ṣe é ní ìpàdé. Nílẹ̀ wa, bí Àǹtí tó dàgbà jù ní ọ́fíìsì bá ti sọ pé oṣù kẹjọ lòun fẹ́, ta ni nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ tó máa la ẹnu pé òun náà fẹ́ ẹ? Yóò kàn ní, "Èyí tó bá kù, mo gbà á, mà." Ìwé pélébé ni mo pín, àyè mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ọ̀sẹ̀ tó wù ọ́ jù, èyí tó tẹ̀ lé e, àti ọ̀sẹ̀ tí o kò lè lọ rárá. Ọwọ́ àwọn tó kéré jù ni mo ti kọ́kọ́ gbà á, mo gba ti àwọn àgbà kẹ́yìn. Àyè kẹta yẹn wúlò ju bí mo ṣe rò lọ, torí ibẹ̀ ni ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó, ìgbéyàwó àbúrò àti ọjọ́ ìkómọ ti jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dìjà ni oṣù kẹjọ, nígbà tí àwọn ọmọ bá gba ìsinmi ilé ìwé. Èèyàn mẹ́rin ló mú un. Ìlànà tí mo lò ni pé ẹni tó lọ ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá yóò fi ti ọdún yìí sílẹ̀, ì báà ṣe àgbà, ì báà ṣe ọmọdé. Méjì ló kù, a pín oṣù náà sí méjì fún wọn. Ní ti Iléyá àti Kérésì, tí a kì í kà mọ́ lífù, àwọn Mùsùlùmí àti Kristẹni ọ́fíìsì jọ pààrọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú àti ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọdún náà láàrin ara wọn, wọn ò tiẹ̀ nílò mi. Ìṣòro ọdún àwọn Mùsùlùmí ni pé òṣùpá ló ń pinnu rẹ̀, ó sì ń fi bí ọjọ́ 11 ṣáájú ti ọdún tó kọjá. Ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ bá kọ, ẹ má sì ti iṣẹ́ pàtàkì kankan sáàárín wọn. Ẹ má gbàgbé 20 oṣù kẹjọ náà, Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń fúnni ní ìsinmi fún. Kò sí nínú kàlẹ́ńdà ìjọba àpapọ̀, torí náà ó máa ń bọ́ kúrò lọ́kàn ẹni tó bá ń wo ti Àbújá nìkan.

Nínú Excel, ìlà kan fún ẹnì kan, òpó kan fún ọ̀sẹ̀ kan. L ni ìsinmi, R ni ẹni tó rọ́pò, K ni ọ̀sẹ̀ tí ẹni tó máa rọ́pò ń kọ́ iṣẹ́. Orúkọ wà láti ìlà 4 dé 12, mo sì kọ =COUNTIF(C4:C12,"L") sísàlẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan kó lè ka iye ẹni tó wà ní ìsinmi, mo jẹ́ kó pupa tó bá ti ju 2 lọ. Láti ka ọjọ́ iṣẹ́ tí ẹnì kan lò, NETWORKDAYS ni mo lò, mo sì to àwọn ọjọ́ ìsinmi ìjọba sí ojú ìwé mìíràn kí ó lè yọ wọ́n kúrò. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé: ẹnì kan tẹ 07/08, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò bíi ti Amẹ́ríkà kà á sí ọjọ́ 8 oṣù keje dípò ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ. Láti ìgbà náà, orúkọ oṣù la máa ń kọ, a kì í fi nọ́ńbà kọ ọ́.

Àṣìṣe kejì tún burú ju ìyẹn lọ. Mo ti fi èèyàn méjì rọ́pò ara wọn, mo sì fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan náà. COUNTIF kò rí i torí méjì kò tíì pupa. Ojú ni mo fi rí i nígbà tí mo tẹ ìwé náà jáde tí mo sì fa ìlà láti orí L kọ̀ọ̀kan lọ sí R rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ fa ìlà. Bákan náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ méjì rọ́pò èèyàn tún gba iṣẹ́ ẹlòmíràn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ tirẹ̀ ti ń dúró dè é.

Mo pín ọjọ́ 15 náà sí ọ̀nà méjì: ọjọ́ 5 àti ọjọ́ 10. Ọjọ́ 5 ló ń ṣáájú, nígbà tí iṣẹ́ ẹni náà bá rọlẹ̀, kí ẹni tó rọ́pò rẹ̀ lè fi mọ ojú ọ̀nà. Ọjọ́ 10 ni mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé lé orí ọjọ́ ìparí kan, nígbà tí ẹni tó rọ́pò bá ti gbó díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí kò sí nǹkan kan nìkan la ń jẹ́ kí ó dúró níbẹ̀, kò kọ́ nǹkan kan. Ọjọ́ 10 náà sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra. Ara kì í balẹ̀ ní ọjọ́ méjì-méjì, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé tí ẹnì kan ṣoṣo ń dá ṣe látọdún dé ọdún, ojú ẹlòmíràn ló ń rí àléébù inú rẹ̀. Ìdí kan nìyẹn tí ọ̀pọ̀ báńkì fi ń fi dandan lé e pé kí òṣìṣẹ́ wọn lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Ọ̀sẹ̀ K ni mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù. Ní ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun, oníṣẹ́ ń ṣe é, ẹni tó fẹ́ rọ́pò ń wò, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, ẹni tó fẹ́ rọ́pò ń ṣe é, oníṣẹ́ jókòó tì í, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ Ẹtì, oníṣẹ́ lọ jókòó sí yàrá mìíràn. Ìwé ìfiṣẹ́léni tí wọ́n jọ ń lò jẹ́ ojú kan péré, òpó márùn-ún ló ní: iṣẹ́, ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí, ibi tí fáìlì wà, ẹni tí a lè pè, àti ohun tó sábà máa ń bàjẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ tirẹ̀ fi òpó karùn-ún sílẹ̀ lófìfo, mo dá a padà. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ dà bíi èyí: oníbàárà kan wà ní Èkó, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gbé ní Mówè àti Ìbafò. Ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni PAYE rẹ̀, torí náà Ògùn ni tiwọn ń lọ. Ẹni tí kò mọ̀ yóò san gbogbo rẹ̀ fún Èkó, gbígbà á padà sì le. Irú ìmọ̀ báyìí máa ń wà lórí ẹnì kan ṣoṣo fún ọdún pípẹ́, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tókìn báńkì, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé nọ́ńbà jáde tí a fi ń sanwó, kò gba àfojúfò. Ẹni tó ń gbé owó kalẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń buwọ́ lù ú, èèyàn kan kò gbọdọ̀ di tókìn méjèèjì mú. Bí wọ́n bá ń lọ lífù, ohun tó rọrùn fún wọn ni kí wọ́n fi tókìn àti nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó rọ́pò. Mo kọ̀ ọ́ délẹ̀délẹ̀. Tókìn tuntun la gbà lórúkọ ẹni tó rọ́pò, a sì kọ lẹ́tà sí báńkì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, nítorí ìbuwọ́lù àwọn ọ̀gá àti ìwé tí báńkì ń béèrè kì í tètè pé.

Tẹlifóònù ńkọ́? Ẹni tó wà ní ìsinmi jáde kúrò nínú WhatsApp ọ́fíìsì, kì í ṣe pé ó kàn pa ohùn rẹ̀. Ẹni tó rọ́pò ń kọ ìbéèrè rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà ní ọ́fíìsì, lẹ́yìn náà ọ̀gá. Ìpè kan péré ló lè pe oníṣẹ́ lọ́sẹ̀, ní Ọjọ́rú, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó lo ìlànà yìí kọ ìbéèrè 14. Nígbà tí Ọjọ́rú fi dé, méjì ló kù, ó ti fúnra rẹ̀ rí ìdáhùn yòókù nínú fáìlì.

Ní ọjọ́ tí oníṣẹ́ bá padà, wọ́n jọ jókòó fún ìdajì wákàtí, ìwé kékeré yẹn ni wọ́n ń kà. Ìbéèrè tó bá ṣòro lọ tààrà sínú òpó karùn-ún. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó rọ́pò yóò mú ẹyọ iṣẹ́ kan tí kò ní dá padà mọ́: ọmọbìnrin tó rọ́pò níbi VAT di oníbàárà mẹ́ta mú títí di báyìí. A kọ ọ́ sínú ìwé ìgbéléwọ̀n rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, nítorí tí a bá dúró di ìparí ọdún, a ti gbàgbé. Mo bẹ àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n má fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ èèyàn láìyọ nǹkan kan kúrò. Wọ́n gbà: iṣẹ́ títo rìsíìtì tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ìsìnkú òbí àti àìsàn ọmọ kì í sọ tẹ́lẹ̀, torí náà mo fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ láìkọ nǹkan sí i nínú oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ní 30 oṣù kẹsàn-án, mo tún tẹ ìwé náà jáde, mo fi yẹ́lò kun orúkọ ẹni tí kò tíì lo ju ọjọ́ 5 lọ. Méjì ni wọ́n. Oṣù Kọkànlá ni mo kọ wọ́n sí, ọ̀gá buwọ́ lù ú, ìwé náà sì wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.