Bí Ẹ Ṣe Lè Di Ẹ̀tọ́ Yín Mú Bí Ọlọ́pàá Bá Wá Mú Yín Nítorí Gbèsè ní Abẹ́òkúta

Lára ohun tó ń gbé àwọn oníṣòwò dé àgọ́ ọlọ́pàá láìyẹ ni gbèsè. Ẹnì kan gba ọjà àwìn, ọjà kò yá, ọjọ́ ìsanwó kọjá, olówó sì gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ dípò ilé-ẹjọ́, nítorí ó mọ̀ pé ẹ̀rù àhámọ́ máa ń tètè mú owó jáde. Ìwà yìí lòdì sí òfin ilẹ̀ wa. Òfin Iṣẹ́ Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni kìkì nítorí àdéhùn tó yẹ̀ tàbí aáwọ̀ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí kí ẹni tí irú rẹ̀ bá bá lè mọ ohun tí yóò ṣe láti wákàtí kan sí èkejì, àti ìwé tí yóò fi ṣe é, nítorí ẹ̀tọ́ tí a kò bá fi aago àti ìwé ṣọ́, orí ahọ́n lásán ló ń mọ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀ràn méjì sọ́tọ̀. Bí ìyá aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú bá gba ìgàn aṣọ funfun ní àwìn, tó san díẹ̀ nínú owó rẹ̀, tí ìyókù sì há, gbèsè nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá parọ́ pé òun ní ọjà tí kò ní, tó sì fi irọ́ náà gba owó lọ́wọ́ ènìyàn, ọ̀ràn ọ̀daràn ti wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó kọ sọ̀wédowó nígbà tó mọ̀ pé kò sí owó ní báńkì. Olówó tó bá fẹ́ fi ọlọ́pàá gba gbèsè máa ń fi orúkọ èkejì pe èkíní, “jìbìtì” ló sì máa ń kọ sínú ìwé ẹ̀sùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé tí ẹ ti ní kí wàhálà tó dé fi ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ: rìsíìtì, ìwé tí ẹ ń kọ àwìn sí, ẹ̀rí owó tí ẹ ti fi ránṣẹ́ sí àpò báńkì olówó, àti àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ fi bẹ̀ ẹ́ pé kó fi kún ọjọ́ fún yín. Bí ìwé bá fi hàn pé nínú 480,000 náírà ẹ ti san 180,000, ọ̀rọ̀ jìbìtì á ṣòro láti gbé dúró. Ẹ ya fọ́tò àwọn ìwé náà, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ fọkàn tán, nítorí fóònù yín lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má san gbèsè o. Sísan ló yẹ kí a san án, àmọ́ ilé-ẹjọ́ ni olówó yóò ti béèrè owó rẹ̀.

Bí àwọn ọlọ́pàá bá dé, ẹ má sá, ẹ má sì bá wọn fa wàhálà. Ẹ kí wọn, kí ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè orúkọ wọn, àgọ́ tí wọ́n ti wá àti ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn yín. Ẹ wo aago. Ẹ sọ fún ẹni tó wà nítòsí yín, ìbáà jẹ́ ọmọ iṣẹ́ yín tàbí ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tiyín, kí ó kọ wákàtí náà sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀ tí wọ́n fi gbé yín, nítorí wákàtí yẹn ni gbogbo ìṣirò yòókù dúró lé. Bí wọn kò bá bá yín nílé, wọn kò gbọdọ̀ mú ọkọ yín, ìyàwó yín, ọmọ yín tàbí àbúrò yín dípò yín. Òfin Iṣẹ́ Ọlọ́pàá kan náà ló kà á léèwọ̀.

Àwọn kan á ní, ta ni àwọn tí àwọn yóò fi máa bi ọlọ́pàá léèrè ọ̀rọ̀? Abala 14 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ti dáhùn ìbéèrè yẹn: ọwọ́ àwọn ènìyàn Nàìjíríà ni àṣẹ orílẹ̀-èdè wà, ọ̀dọ̀ wọn sì ni ìjọba ti ń gba gbogbo agbára tó ń lò. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè olómìnira dúró sí. Agbára tí ọlọ́pàá fi ń múni, àfiṣọ́ ni lọ́wọ́ rẹ̀, òfin tó fi í ṣọ́ ọ ló sì pààlà fún un. Àwọn ẹ̀tọ́ tó wà ní Orí Kẹrin ìwé òfin náà, láti abala 33 dé 46, kì í ṣe ohun tí ìjọba kan ṣàdédé fi ta wá lọ́rẹ. Nígbà tí òmìnira ń bọ̀, àwọn ẹ̀yà kéékèèké ń bẹ̀rù pé ẹni tí agbára bá bọ́ sí lọ́wọ́ yóò tẹ àwọn rì. Ìgbìmọ̀ Willink tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1957 gbọ́ ẹjọ́ wọn, ó sì dá a lábàá ní 1958 pé kí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú òfin. Ó wọ inú ìwé òfin tí a fi gba òmìnira ní 1960.

Àwa ará Abẹ́òkúta kò sì gbọdọ̀ ka irú ọ̀rọ̀ yìí sí àjèjì. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé ló tẹ ìlú yìí dó ní 1830, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn, abẹ́ Olúmọ ni wọ́n sì fara pamọ́ sí. Ní 1947, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta dìde sí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, nígbà tí obìnrin kò ní ẹni tó ń gbẹnu sọ fún un nínú ìgbìmọ̀ tó ń pàṣẹ owó náà. Orin tí wọ́n kọ níwájú ààfin Aké ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí. Ohun tí èmi fẹ́ kí a ṣàkíyèsí ni pé wọ́n kọ ẹ̀hónú wọn sórí ìwé, wọ́n tò ó ní kókó-kókó, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ìyá ọjà ní mọ̀ọ́kọmọ̀ọ́kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjà náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò lórí ìtẹ́, ó sì di òpin ọdún 1950 kó tó padà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí àgọ́ ọlọ́pàá, níbi tí ọ̀ràn náà ti le jù. Lẹ́yìn káńtà ni wọn yóò ti gbé bébà kan síwájú yín, tí ààyè wà lórí rẹ̀ fún orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́ àti àdírẹ́sì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ pé kò di dandan kí ẹ sọ ohunkóhun, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá sọ lè di ẹ̀rí. Ìkìlọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Abala 35 fún yín láṣẹ láti dákẹ́, kí ẹ má dáhùn ìbéèrè kankan, títí ẹ ó fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tó bá wù yín sọ̀rọ̀. Ẹ kíyè sí “ẹlòmíràn tó bá wù yín”: bí ẹ kò bá tíì rí lọ́yà, ìyálọ́jà yín tàbí ọmọ yín tó mọ̀wé lè jẹ́ ẹni náà. Bí ẹ bá fẹ́ kọ gbólóhùn yín, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́, ẹ sì lè kọ ọ́ ní Yorùbá. Bí ọlọ́pàá ni yóò bá yín kọ ọ́, ẹ ní kó kà á sí yín létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ fa ìlà gbọọrọ sí ààyè tó bá ṣófo nísàlẹ̀ bébà náà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀rọ̀ kún un lẹ́yìn yín, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti wákàtí sí ẹ̀gbẹ́ ìbuwọ́lù yín.

Ìwé kejì tí wọ́n lè gbé jáde ni mo kà sí pàkúté gidi: ìwé àdéhùn pé ẹ ó san gbogbo owó náà lọ́jọ́ báyìí-báyìí, kí ẹ tó lè lọ sílé. Iṣẹ́ agbowó kò sí nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kí agbẹjọ́rò yín kọ́kọ́ rí i. Bí wọ́n bá fi dandan mú yín buwọ́ lù ú, ẹ rántí ẹni tó wà níbẹ̀ àti ohun tó sọ, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́rẹ́ tí ẹ bá jáde, nígbà tó ṣì tutù nínú ọpọlọ yín.

Nísinsìnyí, ìṣirò aago. Láàárín wákàtí 24 tí wọ́n mú yín, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú yín fún yín lórí ìwé, ní èdè tí ẹ gbọ́. Bí Yorùbá ni ẹ gbọ́, Yorùbá ni ẹ̀tọ́ yín. Abala 35 kan náà sọ pé bí ilé-ẹjọ́ tó lè gbọ́ ọ̀ràn náà bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n mú yín, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé yín débẹ̀. Bí kò bá sí irú ilé-ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nítòsí ni ó tó di ọjọ́ méjì, tàbí iye tí adájọ́ bá kà sí ohun tó bọ́gbọ́n mu. Ilé-ẹjọ́ Májísíréètì wà ní Ìṣabọ̀. Láti Láfẹ́nwá, láti Ìbarà, láti Àdàtán, kò sí èyí tó sún mọ́ kìlómítà 40 sí i, nítorí náà ọjọ́ kan ni ìṣirò gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá inú ìgboro. Àwọn olówó kan mọ èyí, wọ́n á sì jẹ́ kí ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kí wọ́n tó ní kí wọ́n mú ènìyàn. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí àwọn ará ilé yín má dúró de ọjọ́ Ajé: kí wọ́n wá lọ́yà ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí ìwé ìbéèrè fún ìtúsílẹ̀ sì wà nílẹ̀ kí ilé-ẹjọ́ tó ṣí.

Ní ti béèlì, ọ̀fẹ́ ni. Onídùúró nìkan ni wọ́n lè béèrè, obìnrin sì lè ṣe onídùúró bí ọkùnrin. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 sọ ọ́ gbangba.

Bí wọ́n bá ti tẹ ẹ̀tọ́ yín lójú, tàbí tí àmì wà pé wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lójú, abala 46 ní kí ẹ gba Ilé-ẹjọ́ Gíga lọ. Kò di ìgbà tí wọ́n bá mú yín tán; ìhalẹ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó láti gbé ẹjọ́ lọ. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìgbẹ́jọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí wọ́n fi lélẹ̀ ní 2009, kò sí gbèdéke ọjọ́ fún gbígbé irú ẹjọ́ yìí wá, ẹlòmíràn lè pè é lórúkọ yín bí ẹ bá wà ní àhámọ́, ilé-ẹjọ́ sì gbọ́dọ̀ dá ọjọ́ ìgbọ́rọ̀ sí àárín ọjọ́ 7 tí ẹ fi ìwé sílẹ̀. Ìwé ìbúra ni ọkàn ẹjọ́ náà: níbẹ̀ ni wákàtí tí wọ́n mú yín, nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ àwọn ọlọ́pàá, rìsíìtì àti àtẹ̀jíṣẹ́ yóò ti wúlò. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká owó lọ́yà lè lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún irú wọn. Bí ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ sun àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá pẹ̀lú, Eléwéeran ni olú ilé-iṣẹ́ wọn ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ kọ, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí ẹ̀dà tí ẹ ó mú padà sílé.

Nínú ohun tí ẹ bá ń béèrè lọ́wọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga, ẹ má fi mọ sí ìtúsílẹ̀. Abala 35 sọ pé ẹni tí wọ́n mú tàbí tì mọ́lé lọ́nà tí kò bófin mu ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú, kí àwọn aláṣẹ tọ́rọ̀ kàn sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. Ẹ sọ fún agbẹjọ́rò yín pé kí ó kọ méjèèjì sínú ìwé ẹjọ́ náà, kí ó kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.