Olú àti bakitéríà nínú ilẹ̀ tí epo bà jẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ilẹ̀ tí epo rọ̀bì dà sí ni mo fẹ́ tún ṣe. Mo po irúgbìn olú Pleurotus ostreatus mọ́ ọn, mo sì da bakitéríà sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Olú ọ̀hún kò tàn rárá. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ pé bakitéríà ló gba ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, èyí tí ẹ dà sí i àti èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń tu oró sí olú. Àrùn gbáà ni Pseudomonas tolaasii jẹ́ fún Pleurotus, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn Pseudomonas mìíràn wà lára àwọn tó mọ epo jẹ.

Ẹ jẹ́ kí olú ṣíwájú. Ẹ fi omi gbígbóná pa kòkòrò inú koríko gbígbẹ, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ gbin olú sínú rẹ̀, kí ẹ sì dúró títí okùn funfun rẹ̀ yóò fi gbà á káàkiri. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó tò ó mọ́ ilẹ̀ ní ìpele ìpele. Koríko yìí ni oúnjẹ rẹ̀, epo kọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ rin, kó má ṣe rì sínú omi. Bí ẹ bá rí èbu aláwọ̀ ewé, ó lè jẹ́ Trichoderma. Ẹ kó apá ibẹ̀ kúrò. Nígbà tí olú bá ti fìdí múlẹ̀, bakitéríà lè wá tẹ̀lé e.

Ìbéèrè: Ṣé bakitéríà nìkan kò lè ṣe é ni?

Ìdáhùn: Bó bá jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì lásán, ó lè ṣe é, n kò sì ní ní kí ẹ fi olú da ara yín láàmú. Èròjà inú epo rọ̀bì bíi benzo[a]pyrene ni ìṣòro. Òrùka kábọ́ọ̀nù márùn-ún ló so pọ̀ nínú rẹ̀, agbára káká ló sì fi ń yòrò nínú omi. Bakitéríà gbọ́dọ̀ gbé oúnjẹ wọ inú ara rẹ̀ kó tó lò ó, irú èyí kì í sì í wọlé bọ̀rọ̀. Olú ní tirẹ̀ a máa tu ẹ́ńsáìmù síta, bíi laccase àti manganese peroxidase tó fi ń jẹ igi. Wọ́n á fi ọ́síjìn kọlu òrùka náà, á wá rọrùn láti yòrò, bakitéríà á sì jẹ ẹ́ di omi àti kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì. Èyí tó wù mí jù ni pé okùn olú tún jẹ́ ọ̀nà fún bakitéríà: wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bò ó, wọ́n á sì gba ibẹ̀ kọjá àlàfo gbígbẹ tí wọn kò lè dá kọjá.

Ìbéèrè: Mo fi ajílẹ̀ náítírójìn sí i, iṣẹ́ olú wá dẹ̀.

Ìdáhùn: Ìgbà tí náítírójìn bá wọ́n ni Phanerochaete chrysosporium, olú mìíràn tó ń jẹ igi, ń tu irú ẹ́ńsáìmù yẹn jáde. Bakitéríà ló nílò ajílẹ̀. Ẹ fi pamọ́ di ìpele tiwọn, díẹ̀díẹ̀ sì ni kí ẹ máa fi sí i.

Ìbéèrè: Òórùn epo ti lọ, àyẹ̀wò sì fi hàn pé benzo[a]pyrene ti dín kù. Ṣé ó ti parí?

Ìdáhùn: Kò tíì parí. Ó lè jẹ́ pé ó kàn lẹ̀ mọ́ ara olú ni, tàbí kó ti di quinone, ìyẹn èròjà tó máa ń di nígbà tí ọ́síjìn bá kọlù ú, èyí tó lè lóró ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ gbin irúgbìn sínú ilẹ̀ náà, ẹ kó ekòló sí i pẹ̀lú, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe máa ṣe. Bí òjé bá wà níbẹ̀, kò sí èyí tó lè jẹ ẹ́ di nǹkan mìíràn nínú olú àti bakitéríà.

Ìbéèrè: Olú tó hù lórí rẹ̀ ńkọ́, ṣé a lè sè é?

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò. Olú a máa fa irin olóró bíi cadmium mọ́ra.